Rélùwéè láti Èkó, ẹranko ní Yunifásítì, àmàlà ní Bódìjà: bí ẹ ṣe lè fi ọjọ́ kan wo Ìbàdàn pẹ̀lú amọ̀nà

Ìrìn-àjò yìí kò ṣòro ṣàlàyé. Ẹ wọ rélùwéè ní Èkó láàárọ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹ wo ẹranko, ẹ jẹ àmàlà, ẹ sì padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe ọ̀nà. Aago ni. Bí rélùwéè àárọ̀ bá gbéra ní aago mẹ́jọ, yóò lò tó wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú kí ó tó dé Móníyà, níbi tí ibùdókọ̀ rélùwéè Ìbàdàn wà. Ti ìrọ̀lẹ́ á gbéra padà ní aago mẹ́rin. Ẹ yọ àkókò tí ẹ máa fi jáde nínú ibùdókọ̀, ẹ yọ wákàtí kan tí ó yẹ kí ẹ ti padà síbẹ̀ ṣáájú, ohun tó kù sí yín lọ́wọ́ kò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Orí wákàtí mẹ́rin yẹn ni gbogbo ètò yìí dúró lé. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé amọ̀nà tó mọṣẹ́ ni ẹni tó mọ ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ lọ wò.

Ẹ mú ọjọ́ kí ẹ tó mú amọ̀nà

Aago mẹ́jọ àárọ̀ àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló ti mọ́ àwọn èrò lára, láti Èkó àti láti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n àjọ rélùwéè máa ń yí àkókò padà, pàápàá fún Sátidé, Àìkú àti ọjọ́ ọdún. Ẹ wo ìkéde wọn ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́dún tó kọjá.

Àárín ọ̀sẹ̀ ló dára jù. Lópin ọ̀sẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé máa ń kún ọgbà ẹranko, ariwo wọn sì ń lé ẹranko wọnú ihò. Àwọn ìyá alámàlà kan kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ní ti ìgbà, èmi á mú ìparí oṣù kọkànlá: òjò ti dá, ewé ṣì tutù lójú ọ̀nà, ọyẹ́ kò sì tíì fi eruku bo òkè. Oṣù kẹfà àti ìkeje pẹ̀lú lẹ́wà lójú fèrèsé rélùwéè, àmọ́ ẹrẹ̀ inú igbó kò ní fojú rere wo bàtà yín.

Bí ẹ ṣe máa dán amọ̀nà wò

Oríṣi mẹ́ta ni ẹ máa rí. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń kó èrò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà wà, tí wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, tí wọ́n sì ń gba owó kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀. Àwọn amọ̀nà aládàáṣiṣẹ́ wà ní Ìbàdàn, tí wọ́n á pàdé yín ní Móníyà pẹ̀lú mọ́tò. Ẹ̀kẹta ni ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó ń kàwé ní Yunifásítì. Kò burú, ó lè jẹ́ òun ló mọ ọgbà náà jù, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé awakọ̀ tó já fáfá wà pẹ̀lú rẹ̀.

Bí ẹ bá jẹ́ ẹni méjì sí mẹ́rin, amọ̀nà ará Ìbàdàn tó ní mọ́tò tirẹ̀ ni mo fara mọ́. Èrò ogún kò lè jẹ àmàlà tán láàárín wákàtí kan. Ìjókòó nìkan, wọ́n á fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá a.

Ẹ ní kó fi ètò ọjọ́ náà ránṣẹ́ ní kíkọ, pẹ̀lú aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí Ilé Kòkó, Gbọ̀ngàn Mápó, ọgbà Agodi, ọgbà ẹranko Yunifásítì àti àmàlà nínú ètò kan náà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn. Mápó wà láàárín gbùngbùn ìlú àtijọ́, Móníyà wà ní ìparí ìlú lápá àríwá. Ẹni tó bá ní òun á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin kò tíì gun mọ́tò gba Mọ́kọ́lá lọ́sàn-án rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: “Bí rélùwéè àárọ̀ bá pẹ́ ní wákàtí kan, kí ni ẹ máa yọ kúrò?” Amọ̀nà gidi á dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí i rí. Èyí tó bá ní “kò lè pẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀” kò tíì ronú kan aago mẹ́rin.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ kó tú u palẹ̀: tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, mọ́tò àti àkókò tí awakọ̀ á fi dúró, owó ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹranko, oúnjẹ, iṣẹ́ amọ̀nà fúnra rẹ̀. Oúnjẹ ni wọ́n sábà máa ń dákẹ́ lé lórí. Ẹ bi í bóyá ẹran wà nínú iye tó dá, torí ẹran ló ń gbé owó àmàlà sókè, kì í ṣe àmàlà. Ẹ san díẹ̀ sílẹ̀ kó fi dá yín lójú pé ó máa wá. Ìyókù di ìgbà tí ẹ bá padà dé ẹnu géètì Móníyà.

Tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ ra ti àlọ àti ti àbọ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ra ti àlọ nìkan lè dé Móníyà ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n sọ fún un pé àyè ti tán, ní ọjọ́ Jímọ̀ àti ní àsìkò ọdún pàápàá. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti rà á bí ó bá ṣeé ṣe, kí orúkọ tó wà lórí rẹ̀ sì bá ti káàdì ìdánimọ̀ yín mu.

Ipele mẹ́ta ni ìjókòó pín sí. Èyí tó wọ́n jù fẹ̀, ó sì dákẹ́. Èyí tó dínwó jù kún fún ìtàkúrọ̀sọ: àwọn ọlọ́jà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìyá àgbà tó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bí ìrìn-àjò ìgbádùn ni ẹ bá tìtorí rẹ̀ kúrò nílé, èyí tó dínwó jù yìí ni kí ẹ wọ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ amúlétutù níbẹ̀ náà.

Ibi tí ẹ jókòó sí tún ṣe pàtàkì. Láàárọ̀, ọ̀nà àríwá ni rélùwéè ń lọ, oòrùn wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ó bá ti kọjá Abẹ́òkúta tó dorí kọ Èkó, oòrùn tún wà ní ọwọ́ ọ̀tún, torí ó ti bọ́ sí ìwọ̀-oòrùn. Nítorí náà, ẹ kọjú sí iwájú, ẹ mú fèrèsé ọwọ́ òsì ní àlọ àti ní àbọ̀. Fèrèsé kì í ṣí. Ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán, kó fi fóònù lé gíláàsì pẹ́kípẹ́kí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú ara rẹ̀ ló máa yà.

Àárọ̀ ní Alágoméjì

Ibùdókọ̀ Mọ́bọ́lájí Johnson ní Alágoméjì, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, ni ẹ ti máa wọkọ̀. Bí ó bá pẹ́ jù, kí ẹ ti débẹ̀ ní aago méje. Wọ́n á yẹ ẹrù wò, wọ́n á yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò, wọ́n sì máa ń ti géètì kí àkókò tó pé. Àwọn tó ń gbé ní apá Agége àti Ìyànà Ìpájà, ibùdókọ̀ Agége ló yá wọn lára jù, kí wọ́n má ṣe wá sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta lásán.

Ẹ jẹ nǹkan fúyẹ́ kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tàbí búrẹ́dì. Wọ́n ń ta ìpanu nínú ọkọ̀, àmọ́ ẹni tó bá fi gàlà àti mínírà kún inú ti fi oúnjẹ Bódìjà ṣòfò.

Ohun tí ẹ máa rí lójú fèrèsé

Irin yìí gùn ní kìlómítà 157. Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí i, iléeṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà, CCECC, ló ṣe é. Irin àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí tò láti Èkó ní 1896 tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1900 ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi púpọ̀. Amọ̀nà tó gbọ́n á fi hàn yín: ti àtijọ́ fẹ̀ ní mìlímítà 1,067 péré, tuntun fẹ̀ ní 1,435. Fífẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí ọkọ̀ tuntun lè sáré láì mì púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú Èkó, ó kàn ń fà ni.

Láti Múṣin títí dé Agége, ẹ̀yìn ilé àwọn èèyàn ni ẹ ó máa wò: aṣọ lórí okùn, ilé ìjọsìn, ẹ̀rọ amúnáwá, páànù tó ti dípẹtà. Àwọn kan ń sùn kọjá ibẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, torí Èkó kì í fi ẹ̀yìn rẹ̀ han ẹni tó bá gba títì. Lẹ́yìn Agbádó ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí dín, tí oko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ń pọ̀ sí i. Ní agbègbè Pápáàlántọ̀ àti Ẹ̀wékorò, òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ló kún inú ilẹ̀ náà. Nígbà tí ẹ bá súnmọ́ Abẹ́òkúta, ilẹ̀ á yí padà lójijì, àpáta dúdú á máa yọ orí láàárín igbó. Apá yìí títí dé Omi-Àdìó ló rẹwà jù, kí ẹ gbé fóònù sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ fi ojú wò ó.

Orúkọ àwọn ibùdókọ̀ náà dà bí àkọsílẹ̀ àwọn olóṣèlú àti ọ̀mọ̀wé: Jákàǹdè ní Agbádó, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ní Pápáàlántọ̀, Wọlé Ṣóyínká ní Abẹ́òkúta, Akíntọ́lá ní Omi-Àdìó, Awólọ́wọ̀ ní Móníyà. Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá, tí wọ́n pín gaàrí nígbà ayé wọn, wá di ìdúró tó tẹ̀ lé ara wọn lórí irin kan náà. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà tó bá jókòó tì yín sọ ìyókù.

Kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, ẹ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀.

Láti Móníyà sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹranko

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wá mọ́tò níta ibùdókọ̀. Awakọ̀ yín gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀, kí nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀ sì ti wà nínú fóònù yín láti alẹ́ àná.

Ohun tó mú kí ọjọ́ kan tó fún ètò yìí ni pé ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà: Móníyà, IITA, Òjóò, Yunifásítì, Bódìjà. Ẹ ó máa sọ̀kalẹ̀ lọ síhà ìlú ni, ẹ ó sì gba ọ̀nà náà gòkè padà. Òjóò nìkan ló lè dí yín lọ́wọ́. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì lè gba àádọ́ta.

Ẹ yan ọ̀kan nínú méjì: igbó IITA tàbí ọgbà ẹranko Yunifásítì.

IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ní ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 1,000, igbó tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé sì gba nǹkan bí 350 nínú rẹ̀. Ẹyẹ ni wọ́n ń wá wò níbẹ̀. Olórí wọn ni ẹyẹ kan nínú ìdílé ẹ̀gà, dúdú tó ní pupa lórí àti láyà, tí orúkọ Ìbàdàn wà nínú orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀: Malimbus ibadanensis. Ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n láyé, ó sì wà lára àwọn tó fẹ́ parun, nítorí igbó tó ń gbé ń di oko àti ilé. A kì í dédé wọ IITA. Amọ̀nà gbọ́dọ̀ ti gba ìyọ̀ǹda sílẹ̀, kí orúkọ yín sì wà lẹ́nu géètì.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ o. Ìdájí ni ẹyẹ ń ké, tí wọ́n ń jáde wá oúnjẹ. Ẹni tó bá wọ rélùwéè aago mẹ́jọ á débẹ̀ nígbà tí oòrùn ti mú, tí ẹyẹ ti sá pamọ́ sínú ewé. Nítorí náà, ẹni tí ẹyẹ jẹ lógún gan-an, kó lọ ní ìrọ̀lẹ́ àná, kó sùn sí ilé àlejò inú ọgbà IITA, kó wọ igbó ní aago mẹ́fà àárọ̀. Fún ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ́jọ́ kan, ọgbà ẹranko Yunifásítì ni kí ẹ mú.

Ọdún 1948 tí wọ́n dá Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹranko díẹ̀ jọ fún àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa wọn. Ní 1974, ó di ọgbà tí gbogbo èèyàn lè wọ̀. Igi ńláńlá bo ọ̀nà rẹ̀, ìbòòji pọ̀. Kìnnìún wà, ọ̀bọ oríṣiríṣi, ọ̀nì, ejò. Ẹ ní kí amọ̀nà béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé nígbà wo ni wọ́n ń bọ́ ẹranko lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì to ìrìn yín mọ́ ọn. Ọ̀sán kì í ṣe àkókò kìnnìún, oorun ló máa ń sùn. Ẹ lọ bá àwọn ọ̀bọ ṣáájú, torí àwọn kì í sinmi, ẹ fi ejò àti ọ̀nì ṣe ìkẹyìn. Ìyẹn kò sáré lọ síbì kankan.

Ẹ má ju ẹ̀pà àti bisikíìtì sí wọn, ẹ má kan irin àgò, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé kọjá ìdènà kékeré tó wà níwájú àgò. Ní oṣù kejì ọdún 2024, kìnnìún pa ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ní kí ẹ mówó wá kí òun jẹ́ kí ẹ súnmọ́ ọn ya fọ́tò, kí ìdáhùn yín jẹ́ rárá.

Àwọn àgbà á bi yín léèrè ìdí tí ẹ kò fi lọ Agodi. Agodi lókìkí fún ẹranko nígbà kan rí, ṣùgbọ́n omíyalé Ògùnpa ti ọdún 1980 ba ọgbà náà jẹ́ gidigidi. Ibi ìgbafẹ́ tó dára ni lónìí, fún ìgbà tí ẹ bá ní ọjọ́ méjì.

Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ kúrò níbẹ̀.

Oúnjẹ

Ìdí tí oúnjẹ fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ẹranko, tí kò gbọdọ̀ ṣáájú rẹ̀, ẹni tó bá ti jẹ àmàlà lọ́sàn-án mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri lẹ́yìn rẹ̀.

Oríkì Ìbàdàn fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni: ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́rí mu. Ìgbà ogun àti ebi ni wọ́n ń rántí níbẹ̀, nígbà tí èso òro jẹ́ oúnjẹ alẹ́, tí ìkarahun ìgbín sì jẹ́ ife ẹ̀kọ. Lónìí, Bódìjà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yunifásítì kún fún ilé àmàlà. Àmàlà Skye tí òkìkí rẹ̀ kàn wà níbẹ̀, báńkì tó wà nítòsí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló fún un lórúkọ; báńkì ti kógbá wọlé, àmàlà ṣì ń bẹ. Ṣùgbọ́n ẹ bi awakọ̀ yín níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń jẹun. Mo gba ti awakọ̀ gbọ́ ju ti amọ̀nà lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Bí ẹ ṣe máa mọ ibi tó dára: ẹ wo bóyá wọ́n ń fi omorogùn rò ó níbẹ̀ ní ìkòkò kékeré léraléra, dípò kí wọ́n ti rò ó tì sínú kúlà láti àárọ̀. Àmàlà tó dára ń yọ èéfín, ó dúdú rẹ́súrẹ́sú, kò sì ní kókó. Ẹ wo ewédú: èyí tí wọ́n fi ìjábẹ̀ já ń fà, ó sì ṣì tutù lójú. Gbẹ̀gìrì ni ìdánwò tó ga jù, torí ẹ̀wà tí wọn kò bó èèpo rẹ̀ dáadáa máa ń sọ ọ́ di dúdú, ó sì ń dùn bí ẹ̀wà lásán. Ó yẹ kó pọ́n bí òdòdó, kó sì ṣàn.

Bí ó bá kàn yín lórí ìlà, ẹ má dúró ronú, àwọn èèyàn wà lẹ́yìn yín. Ẹ kàn sọ pé: “Ẹ káàsán mà. Ẹ bu méjì fún mi, abùlà, kí ẹ fi ṣàkì kan àti ẹran méjì sí i, ata díẹ̀.” Abùlà ni gbẹ̀gìrì àti ewédú pọ̀, ọbẹ̀ ata á tẹ̀ lé e. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú méjì, ẹ ṣì lè padà lọ. Pọ̀nmọ́, ìfun, ẹ̀dọ̀ àti bọ́kọ́tọ̀ máa ń tètè tán. Ẹ má wọ aṣọ funfun.

Ní àwọn ibi kan, wọ́n á fi ẹran ìgbẹ́ lọ̀ yín. Ọ̀yà jẹ́ ohun tí olúkúlùkù lè pinnu fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní akika wà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Òfin Nàìjíríà kà á mọ́ àwọn ẹranko tí a kò gbọdọ̀ pa tà, ó sì ti ń tán nínú igbó. Mi ò rí bí èèyàn ṣe lè sanwó wo ẹranko láàárọ̀ kó tún sanwó jẹ èyí tó ń parun lọ́sàn-án.

Omi inú ike tí ẹ ṣí fúnra yín ni kí ẹ mu. Bí àyè bá wà, ọjà Bódìjà ni ibi tí a ti ń ra èlùbọ́ dání, amọ̀nà á sì bá yín yọwó. Bí aago bá ti lu méjì àbọ̀, ẹ gbàgbé èlùbọ́.

Àbọ̀

Ẹ kúrò ní Bódìjà ní aago méjì àbọ̀, kì í ṣe mẹ́ta. Òjóò nìdí rẹ̀. Bí ẹ bá dé Móníyà ní aago mẹ́ta, ẹ ti borí: ẹ san ìyókù owó amọ̀nà, ẹ fún awakọ̀ ní nǹkan lọ́tọ̀ bí ó bá wakọ̀ dáadáa, ẹ wọlé.

Bí rélùwéè bá já yín sílẹ̀, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ gbé yín padà sí Òjóò kíákíá, níbi tí ẹ ti lè rí ọkọ̀ tó ń lọ sí Berger ní Èkó, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdí kan tún nìyẹn tí kò fi yẹ kí awakọ̀ lọ kí ẹ tó kọjá géètì tí wọ́n ti ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò.

Nǹkan bí aago méje ku ogún ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ á dé Alágoméjì. Èrò tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀, owó táksí á sì ti gun òkè lẹ́nu géètì. Ẹ pe ọkọ̀ lórí fóònù nígbà tí ẹ bá ń kọjá Agége, tàbí kí ẹ rìn jáde dé títì Herbert Macaulay kí ẹ tó dá a dúró. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Ìkẹjà tàbí Ògbà, Agége ni kó ti bọ́ sílẹ̀.